Báàfù Aṣọ Pẹpẹ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ júbà ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan. Kan ni mo wí, n kò wí méjì. Ẹni tó bá mọ ọgọ́rùn-ún, ọ̀mọ̀wé lásán ni, kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀. Bí ó bá la ẹnu, yóò ní "bóyá", yóò ní "àwọn kan sọ pé", oorun á sì gbé wa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ẹyọ kan ṣoṣo! Erin tó dá igbó gbé! Àràbà tí kò ní ojúgbà! Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti sàmì fún mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, Olúwa ta wá lọ́rẹ irú rẹ̀ kan: ọ̀gá ilé-ìwé girama tó ti fẹ̀yìn tì, olùkọ́ kíláàsì Bíbélì. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni hágíọ̀sì, èyí tí wọ́n túmọ̀ sí "mímọ́" nínú Májẹ̀mú Tuntun. Yóò bọ́ awò ojú rẹ̀, yóò nù ún, yóò gbójú sókè wo àjà, yóò ní: "Nínú èdè Gíríìkì ìpilẹ̀ṣẹ̀..." Kó tó débi ọ̀rọ̀ náà, àwọn ìyá ti ń ṣe "hẹn-ẹ́n." Lọ́jọ́ Ìsinmi tí kò bá sọ ọ́, ńṣe ni a máa ń wo ara wa bí àlejò tí wọ́n gbàgbé láti fún ní ẹran.

Ìyá mi kò mọ Gíríìkì. Aṣọ ló mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà ní pírámárì ni ó ti ń fọ aṣọ pẹpẹ àti àwọn aṣọ kéékèèké tí wọ́n fi ń nu ife Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Báàfù tánganran funfun kan wà fún iṣẹ́ náà, etí rẹ̀ búlúù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ṣe nǹkan mìíràn. Nítorí wáìnì tó lè ṣẹ́ kù lára aṣọ, wọn kì í da omi ìfọ̀ àkọ́kọ́ sí gọ́tà. Ìdí igi ọsàn tó wà lẹ́yìnkùlé ni ó máa ń lọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo fi báàfù yẹn bu àgbàdo lẹ́ẹ̀kan. N kò ní sọ ohun tí ojú mi rí.

Bàbá mi kú, ìyá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, àwa ọmọ sì gba ilé wa lọ. Ó wá ku aṣọ pẹpẹ nìkan tí ẹnikẹ́ni ṣì ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Sátidé, ó máa ń jí bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́.

Sátidé kan báyìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá kí i. Àlàájà ni ẹ̀gbọ́n náà. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wọn. Ìyá mi lọ sí ilé-ìwé míṣọ́nnárì, ó sì gba ẹ̀sìn pọ̀ mọ́ ìwé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì dúró ti mọ́ṣáláṣí bàbá wọn àti ìsọ̀ aṣọ. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, èyí kì í ṣe ìròyìn. Èmi náà gun ọ̀kadà láti Ìjagun, níbi tí mo ń gbé, torí mo gbọ́ pé Àlàájà ń gbé ìkọ́kọrẹ́ bọ̀ nínú kúlà.

A jẹ, a rẹ́rìn-ín, ìrun ọ̀sán dé. Kò sí iná láti àná, ẹ̀rọ kò sì rí omi fà. Ìyá mi wọ yàrá lọ kó aṣọ pẹpẹ. Àlàájà bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó rí báàfù tí omi tó tòrò kún inú rẹ̀, ife ìbomi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rò pé àbúrò òun ló pọn omi àlùwàlá sílẹ̀ de òun. Ó ṣàdúrà fún un pàápàá. Ó fọ ọwọ́, ó yọ ẹnu, ó bọ́jú. Ìgbà tó kan ẹsẹ̀, orúnkún kò gbà fún un láti bẹ̀rẹ̀, ló bá kúkú ki ẹsẹ̀ bọ inú omi. Àsìkò yẹn gan-an ni ìyá kan nínú ẹgbẹ́ aṣọ pẹpẹ gba ẹ̀yìn wọlé.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Àlàájà, ẹsẹ̀ yín wà nínú báàfù Olúwa!"

Àlàájà ki ẹsẹ̀ kejì bọ inú omi. "Ẹ kú ọ̀sán o, Màmá Ìjọ. Ṣé Olúwa fẹ́ lò ó báyìí ni? Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tán."

Èmi rẹ́rìn-ín. Ìyá mi jáde pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́, òun kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, báàfù aṣọ pẹpẹ nìyẹn."

Àlàájà káwọ́ lérí. "Aúsùbílláhì! Kí ló dé tí o kò wí? Èmi tí n kì í jẹ́ kí ọmọ-ọmọ mi fọwọ́ kan kẹ́tùlù àlùwàlá mi! Àbúrò mi, má bínú."

"Kò sí nǹkan kan. Màá fi omi gbígbóná ṣàn án."

Láàárín àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ẹ̀yìn wọlé ti gba ẹ̀yìn jáde.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ìgbìmọ̀ ìjọ pe ìyá mi sí gbọ̀ngàn. Kí a tó wọlé, ó di ọwọ́ mi mú. "Ìwọ ló lọ sí yunifásítì. Ṣáà bá mi sọ fún wọn pé mo ti fọ̀ ọ́ mọ́. Má sọ púpọ̀."

Olùkọ́ kíláàsì Bíbélì wa ló jókòó sí àga alága. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Nínú èdè Gíríìkì ìpilẹ̀ṣẹ̀, hágíọ̀sì ni ohun tó mọ́ tónítóní. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó wà níwájú wa nìyí: ǹjẹ́ báàfù yìí mọ́?"

Ẹ wò ó, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀. Ó kù kí n ní, "Ó mọ́, sà. Ìyá mi ti fọ̀ ọ́," kí a sì máa lọ sílé lọ jẹ ìrẹsì. Mo dìde.

Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Olùkọ́ wa, ìtumọ̀ yẹn kò péye. Mo ní ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà fún ohun tó mọ́ tónítóní, ìbátan èyí ni (orúkọ rẹ̀ ti sá mọ́ mi lọ́kàn). Mo ní hágíọ̀sì jẹ́ ohun tí a yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run nìkan. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọṣẹ. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Gbọ̀ngàn gbà á. Mo tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo fa hágí gùn díẹ̀.

Olùkọ́ wọ awò ojú rẹ̀ padà. "Ẹ ṣeun, ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀yin ará, ẹ ti gbọ́ lẹ́nu ọmọ bíbí inú rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ ọṣẹ, a jẹ́ pé fífọ̀ kò lè tún un ṣe." Wọ́n ní ìjọ yóò ra báàfù tuntun. Wọ́n ní kí ìyá mi lọ sinmi, pé ó ti ṣe gudugudu méje. Ìyá tó rí ẹsẹ̀ Àlàájà ni wọ́n kó aṣọ fún.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa lọ sílé, ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí lórí mi. Àpọ́sítélì tó lò ó jù nínú Májẹ̀mú Tuntun fi pe àwọn ará ìjọ kan tó ń pe ara wọn lẹ́jọ́, tí àwọn kan ń mutí yó nídìí tábìlì Olúwa. Ó tún lò ó fún ọkọ tí kò gbàgbọ́: ó ní ìyàwó tó gbàgbọ́ ti sọ ọ́ di mímọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé ẹsẹ̀ Àlàájà ló ba báàfù jẹ́ ni, àbí báàfù ló ya ẹsẹ̀ Àlàájà sí mímọ́? Bó bá sì jẹ́ ti kejì, kí la ṣe ń sá fún gọ́tà? Tíṣà tó kọ́ mi ní Gíríìkì ní yunifásítì tún sọ pé àwọn kan ní ìbẹ̀rù ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn, pé ohun tí ènìyàn rí tó fi sún sẹ́yìn ni. Èwo ni ká mú?

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún Àlàájà, òun ní tirẹ̀ kò gbà. "Ta ló ni ohun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ yẹn?"

"Ọlọ́run ni, Màmá."

"Ọlọ́run sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ mi bí òun nínú?"



Báàfù ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìdáná. Ìjọ kò fẹ́ ẹ mọ́, ìyá mi kò sì jẹ́ kí wọ́n fi ṣe nǹkan kan. Ní Sátidé tó kọjá, mo bá a tó ti wẹ̀, tó ti múra, tó jókòó ti ìdí igi ọsàn láìní nǹkan lọ́wọ́.

"Ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́jọ́ yẹn," ó ní, "kí ló túmọ̀ sí gan-an?"

"N kò mọ̀, Mọ́mì."

"O ò mọ̀ ọ́n, o wá dìde sọ ọ́?"

Mo dìde sọ ọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo mọ Gíríìkì ju Olùkọ́ lọ ni. Sáà kan ni mo fi kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ kan yẹn náà ni mo mọ̀.