Ọwọ́ Tó Kan Etí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ọkọ mi kì í ṣe, nítorí àwọn ará ìjọ wa ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tó. Akíntóyè kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ọkùnrin tó ń sá fún ìyàwó nílé. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ló fi ń ya fọ́tò eegun àwọn aláìsàn ní ọsibítù. Ọjọ́ tó bá ṣẹ́kù, á gbé àga oníke kan sẹ́yìn ọkọ̀, á mú ẹ̀rọ kékeré tó ń ka bí bọ́ọ̀lù ṣe ń sáré tó, á sì kúrò nílé wa ní Tucker, ó di ibi tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama bá ti ń gbá bésíbọ́ọ̀lù, eré tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù, tí ẹnì kejì ń fi igi gbá a. Iṣẹ́ ni o. Ẹgbẹ́ ńlá kan ló gbà á pé kó máa bá àwọn wá ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù. Àmọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń ṣe é, wọn ò mú ẹyọ ọmọ kan nínú gbogbo àwọn tó dárúkọ.

Ẹyọ kan! Èmi Mojísọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ti fi ọdún mẹ́sàn-án fọ iyẹ̀pẹ̀ pupa kúrò lára ṣòkòtò. Inú a máa bí mi, àánú rẹ̀ a sì tún máa ṣe mí. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni ọ̀gá rẹ̀, Òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Gabriel, wá sọ fún un láìfi bọpobọyọ̀ pé bí oṣù Keje bá tún kọjá tí wọn ò mú ọmọ rẹ̀ kankan, kó dá ẹ̀rọ náà padà, iṣẹ́ ti parí.

Oṣù Keje ni àwọn ẹgbẹ́ ńlá máa ń jókòó yan ọmọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ kan tẹ̀lé èkejì. Ẹni tí wọ́n bá yàn lè ti yunifásítì wá, ó sì lè jẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama. Ti yunifásítì ti dàgbà, ohun tó máa dà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn tán. Ti girama, ìrètí lèèyàn ń rà. Gabriel ò fẹ́ràn ìrètí. Ẹni tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni John, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún kan ní yunifásítì, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń sáré máìlì márùndínlọ́gọ́rùn-ún ní wákàtí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹta, ọkọ mi lọ sí Jonesboro. Nígbà tó dé, mo gbé ẹ̀bà síwájú rẹ̀, ó kàn ń wò ó.

"Mojí, mo rí ọmọ kan."

"Ọdọọdún lo máa ń rí ọmọ kan."

"This one is different. Ọmọ wa ni sef. Ọbáfẹ́mi, ọmọ Sister Eunice, nọ́ọ̀sì yẹn tó wà ní branch ìjọ wa ní Jonesboro. Ninety-one ló ń jù, but kò tiẹ̀ fi agbára sí i rárá. Apá ẹ̀ gùn, Mojí! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún."

Ọdún mẹ́rin péré ni ọmọ náà fi mọ eré ọ̀hún, láti ìgbà tí òun àti ìyá rẹ̀ ti Ìbàdàn dé, ọdún yìí ló sì máa jáde girama. Ọkọ mi kọ ojú-ìwé mẹ́fà nípa rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Gabriel, ó sì ń retí.

Ọjọ́ kẹwàá ni Gabriel pè. Inú ọkọ̀ la wà, nítorí náà etí mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ti gba àwọn ìwé ọmọ náà yẹ̀ wò. Páásípọ́ọ̀tù ní oṣù Kẹwàá ọdún 2008 ni wọ́n bí i, pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ìwé tó gbé wá láti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 2006 ni.

"Èyí tó dàgbà ni wọ́n gbà gbọ́," Gabriel wí. "Wọ́n ní àwọn èèyàn yín máa ń gé ọjọ́ orí. Bó bá ń lọ sí mọ́kàndínlógún, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ò ju máìlì mọ́kànléláàádọ́rùn-ún lọ, kò sí nǹkan tí a fẹ́ fi ṣe. Mo ti yọ orúkọ rẹ̀."

Ojú ti ọkọ mi gan-an. Ohun tó dùn ún jù ni pé kò lè lanu sọ pé àwa kì í gé e. Ta ni kò mọ dáákọ́nì wa tó ti ń ṣe àádọ́ta ọdún láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn?

Àmọ́ àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nígbà tí a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, a wakọ̀ lọ sílé Sister Eunice. Ó gbé mọ́ọ̀tì tútù fún wa, ó jókòó, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dópin.

"Èmi ni mo parọ́," ló wí. "But kì í ṣe irọ́ tí wọ́n rò yẹn."

Ó ní Ọbáfẹ́mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin dáadáa nígbà tí òun fẹ́ fi í sílé-ẹ̀kọ́. Òun nìkan ló ń tọ́ ọ, iṣẹ́ ọsibítù ò sì jẹ́ kó ráyè, ló bá fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwa tí a kàwé nílé mọ bí wọ́n ṣe ń dán ọmọ wò níbẹ̀: wọ́n á ní kó na ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí orí, kó fi kan etí òsì. Ọmọ tó bá ti tó nǹkan bí ọdún mẹ́fà lọwọ́ rẹ̀ máa ń kàn án. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá kàn án á padà sílé.

"Headmistress ní kó nawọ́. Ọwọ́ ẹ̀ kan etí, ó tún di etí ọ̀hún mú! Wọ́n ní, 'Mama, ọmọ ọdún mẹ́fà rèé.' Èmi náà ní yes ma. Bí mo ṣe fi ọdún méjì kún ọjọ́ orí ẹ̀ nìyẹn. Ibo ni mo fẹ́ gbé e lọ tí wọn ò bá gbà á?"

Ẹ̀rín pa mí. Àwọn ẹlòmíràn ń gé ọjọ́ orí, òun ń fi kún un! Sister Eunice kò rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ó ti bá mi. Ọmọ mi ló sì fẹ́ jẹ̀bi ẹ̀." Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ má sunkún, ma," ọkọ mi wí. "Tí a bá tiẹ̀ ń sunkún, à á máa ríran. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ńkọ́? Èyí tí wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí ní clinic?"

Nọ́ọ̀sì ni Sister Eunice, nọ́ọ̀sì kì í sì í ju káàdì nù. Ó wọ yàrá, ó mú ọ̀rá tí àwọn sàtífíkéètì rẹ̀ wà nínú rẹ̀ jáde. Káàdì náà wà níbẹ̀, ó ti pọ́n létí: ọjọ́ ìbí, ìwọ̀n ọmọ lóṣooṣù, abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òǹtẹ̀ tirẹ̀, láti oṣù Kẹwàá 2008. Ọkọ mi kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Kó tó jẹ́ kí a lọ, Sister Eunice dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Uncle, ìwé ńkọ́? Mi ò wá sí America kí ọmọ mi wá fi university sílẹ̀ torí bọ́ọ̀lù o."

Ọkọ mi ṣàlàyé pé wọ́n lè kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹgbẹ́ ni yóò san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ nígbàkígbà tó bá fẹ́ lọ.

"Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀," ó wí. "Kí wọ́n sì sign ẹ̀."

Gabriel ń bọ̀ wá wo eré kan ní Hampton lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì ní kí a pàdé òun nílé oúnjẹ kan níbẹ̀. Èmi ni mo wakọ̀, ọkọ mi gbé káàdì náà lé itan. Ó tẹ́ káàdì náà sórí tábìlì, ó sọ ìtàn etí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gabriel gbé e sókè, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ká gbà pé òótọ́ ni," ló wí. "Bó bá jẹ́ àyè kan ṣoṣo ni mo ní, John àbí ọmọ yìí?"

Mo rò pé ọkọ mi á rọ̀. Ẹni tó máa ń bẹ ológbò pé kó jọ̀ọ́ dìde lórí àga ni.

"Ẹ bi mí pé eélòó ni John ń jù nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún," ló dáhùn. "Mo ti pe ẹni tó kọ́ ọ ní girama. Máìlì mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni. Ẹ gbé ẹ̀gbọ́n dúró ti àbúrò, ẹ wá ń bínú pé àbúrò kúrú. Ọmọ yìí ni mo mú. Bí ẹ ò bá sì gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ẹ̀rọ yín rèé."

Ó gbé ẹ̀rọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì. Ẹ̀rù bà mí, orí mi sì wú, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Gabriel ya fọ́tò káàdì náà níwájú àti lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló fi ìka kan ti ẹ̀rọ náà padà sọ́dọ̀ ọkọ mi. "Ó ṣì di oṣù Keje," ló wí.

Ọ́fíìsì kọ̀wé sí clinic ní Ìbàdàn. Wọ́n fi wá sínú ìfòyà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí èsì tó dé pé orúkọ ọmọ náà wà nínú ìwé àwọn, pẹ̀lú ọjọ́ kan náà.

Nígbà tí oṣù Keje dé, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yan ọmọ. Ìdajì ìjọ ló kún pálọ̀ Sister Eunice, àwọn oníyẹ̀yẹ́ wa náà pé síbẹ̀. Ẹgbẹ́ mìíràn tètè mú John. Ọkọ mi ní ó tọ́ sí i. Ìpele kìíní lọ, ìkejì lọ. Ọbáfẹ́mi tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ní ìpele kẹta, ó kan ẹgbẹ́ ọkọ mi, wọ́n sì pe orúkọ: Ọbáfẹ́mi, ajubọ́ọ̀lù, Jonesboro, Georgia.

Ariwo sọ! Sister Eunice kúnlẹ̀ sáàárín ilé, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Fóònù ọkọ mi dún, ojú Gabriel sì yọ lórí rẹ̀, òun àti àwọn ará ọ́fíìsì. Gbogbo wọn, àwọn àgbà Òyìnbó, na ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí orí, wọ́n di etí òsì mú. Lẹ́yìn náà ni Gabriel wá ní ọ̀rọ̀ yunifásítì ti wà nínú àdéhùn, àti pé ọkọ mi ní ọdún mẹ́ta sí i lẹ́nu iṣẹ́.

"Fẹ́mi, nawọ́ kí wọ́n rí i," ìyá rẹ̀ wí.

Ọmọ náà na ọwọ́ kọjá lórí orí. Ó kọjá etí, ó fi ìka kan àgbọ̀n. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àyàfi ọkọ mi. Ẹkún ló ń sun. Mo gbá a mọ́ra lójú gbogbo àwọn tó ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì pariwo kí dáákọ́nì lè gbọ́ dáadáa níbi tó jókòó sí:

"Ọkọ mi ló rí i o! Ọkọ mi ló rí i!"