Ojú Mi Kò Sí Nínú Àdéhùn Wọn

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàbá àti màmá mi pínyà. Bàbá mi, ọmọ Èkìtì tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, dúró sí ilé tí a jọ ń gbé tẹ́lẹ̀ ní Gowon Estate. Màmá mi kó èmi àti ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá kan ní Ìkòtún, nítòsí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta bọ́tìnnì àti síìpù fún àwọn aránṣọ. Wọn ò dé kóòtù. Obìnrin kan ní ọ́fíìsì wẹ́fíà ló bá wọn pín bùkátà mi. Ohun gbogbo tó bá jẹ mọ́ ilé-ìwé, bàbá mi ni. Oúnjẹ, aṣọ, ibùgbé àti àìsàn, màmá mi ni. Àwọn méjèèjì gbà bẹ́ẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, mo sì rò pé ìjà ti parí.

Lóòótọ́, ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn fún ìgbà díẹ̀. Bàbá mi máa ń san owó ilé-ìwé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lé ọmọ lọ sílé. Màmá mi kò jẹ́ kí ebi pa mí rí. Àmọ́ wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dàgbà tó ẹni tó lè dá wọ ọkọ̀, èmi ni mo ń gbé ọ̀rọ̀ láti Ìkòtún lọ sí Gowon Estate ní Sátidé, tí mo sì ń gbé èsì padà ní ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí mo wọ JSS One, ohun tí wọ́n ń kọ sójú pátákó bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí èéfín lójú mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ṣọ́ọ̀kì ni kò dáa. Mo wá ń wo ìwé ẹni tó jókòó tì mí, mo ń dà á kọ. Lọ́jọ́ kan, tísà ìṣirò wa, obìnrin gíga kan tí kì í pariwo, ní kí n ka ohun tó kọ. Mi ò lè kà á. Ó ní kí n sún mọ́ ọn. Mo sún mọ́ ọn títí imú mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pátákó. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tísà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Sọ fún àwọn òbí ẹ pé o nílò gíláàsì. Kí wọ́n má fi falẹ̀ o."

Nírọ̀lẹ́, mo sọ fún màmá mi. Ó ń ṣa bọ́tìnnì sínú ike, kò gbójú sókè.

"Ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni?"

"Kò dùn mí, mà. Pátákó ni mi ò rí."

"Pátákó ilé-ìwé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé nìyẹn. Sọ fún bàbá ẹ."

Ní Sátidé, bàbá mi ní kí n jókòó sórí àga, kí n ka ohun tó wà lára kàlẹ́ńdà tó so mọ́ ògiri. Mi ò rí i kà. Mo mọ̀ pé ó dùn ún. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ojú kì í ṣe ìwé. Ara ni. Sọ fún ìyá ẹ pé wẹ́fíà ti pín in. Àìsàn, tiẹ̀ ni."

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Màmá mi ní, "Sọ fún bàbá ẹ pé tí kì í bá ṣe ti ìwé, kí ni ọmọ fẹ́ fi gíláàsì ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù mi?"

Báyìí ni wọ́n ń ti ẹnu mi ju ọ̀rọ̀ ojú mi síra wọn títí táàmù náà fi parí. Wọn kì í ṣe ìkà. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Oníkálukú ń rò pé tí òun bá gbé ẹyọ kan tí kì í ṣe ti òun, gbogbo rẹ̀ ni ẹnì kejì máa já sílẹ̀ fún òun. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ìyẹn nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ojú mi ń dá ìjà sílẹ̀. Ni mo bá sún mọ́ kàlẹ́ńdà yẹn lọ́jọ́ kan tí bàbá mi wà ní bálùwẹ̀, mo há gbogbo rẹ̀ sórí. Nígbà tó dán mi wò lẹ́ẹ̀kan sí i, mo kà á geere.

Inú rẹ̀ dùn. "Ṣé o rí i? Ọlọ́run ti ṣe é."

Mo sọ fún màmá mi náà pé ojú mi ti dáa.

Ní táàmù kejì, mò ń sọdá títì ní Ìkòtún lẹ́yìn ilé-ìwé nígbà tí ọ̀kadà kan gbá mi. Mi ò rí i rárá. Ohun tí mo tún mọ̀ ni pé mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, apá òsì mi ti dá, wọ́n ti fi P.O.P. dì í. Màmá mi wà lápá kan, bàbá mi wà lápá kejì. Láti ọjọ́ wẹ́fíà, mi ò tíì rí àwọn méjèèjì pa pọ̀.

Dókítà bi wọ́n bóyá mo ríran dáadáa.

Bàbá mi ní, "Ó ríran, dókítà. Ó ka kàlẹ́ńdà fún mi láti orí àga."

Mo ní, "Mo há a sórí ni, sà."

Bàbá mi jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Màmá mi kọjú sí fèrèsé, ó ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ ṣe gíláàsì náà." Pẹ̀lú gbogbo ìjà yẹn, kò fi 'o' pe bàbá mi rí.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ sọ́dọ̀ onígíláàsì kan ní Akowonjo. Níbẹ̀ náà, wọ́n pín in. Bàbá mi ní òun máa san ti lẹ́ńsì, kí màmá mi san ti férémù. Onígíláàsì wò wọ́n, ó kọ rìsíìtì méjì. Nígbà tí wọ́n fi gíláàsì náà sí mi lójú, mo rí ewé igi ìta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo yíjú, mo rí i pé irùngbọ̀n bàbá mi ti ń funfun, pé màmá mi sì ti rù. Mi ò mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbà láti máa pe ara wọn lórí fóònù tí ọ̀rọ̀ mi bá délẹ̀, wọ́n sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ara mi kò gbà á gbọ́. Nígbà tí apá férémù kán, mo fi sẹ́lótéèpù dì í, mo dákẹ́. Nígbà tí kíláàsì wa fẹ́ lọ wo Badagry, tí wọ́n ní ká mú owó wá, mo sọ fún tísà pé kò wù mí láti lọ.

Mo ti di ìyàwó ilé báyìí. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí a ṣègbéyàwó, eyín ń dùn mí, mi ò sọ, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fi wú. Ọkọ mi bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ fún òun. Mo kàn ní kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀.