Ṣòkòtò Ramanou Lẹ́nu Kànga

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọkọ mi, ẹ kọ́kọ́ mọ ṣòkòtò rẹ̀. Kákí ni nígbà kan rí. Nígbà tí mo fi wọlé rẹ̀ ní abúlé Koko, ihò ara rẹ̀ ti pọ̀ ju aṣọ lọ. Mo fi nu ilẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó fọ̀ ọ́, ó tún wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Mo rán ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ọkùnrin náà ta gìẹ̀gìẹ̀ lọ gbá ògiri, ó rẹ́rìn-ín, ó tú u, ó wọ̀ ọ́. Ramanou kì í sọ nǹkan nù nítorí pé ó bàjẹ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ páìpù fi bá a lára mu.

Ìlú Savalou ló ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń fa omi ẹ̀rọ wọ ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan tó ń wa wúrà dé ẹ̀yìn Koko, láyé ìgbà tí ìjọba ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kámáráàdì, wọ́n gbà á síṣẹ́. Omi olóògùn tí wọ́n fi ń fọ òkúta, inú adágún kan tí wọ́n tẹ́ rọ́bà dúdú sí ni wọ́n ń dà á sí. Àgbò kan mu níbẹ̀, kò délé. Wọ́n wá ri páìpù sábẹ́ rọ́bà náà, ó gba abẹ́ oko kọjá, ó yọrí sí kòtò kan. Bí rọ́bà bá ya, omi á kán sínú kòtò, a ó sì mọ̀. Bí kòtò bá gbẹ, kí kálukú máa sùn. Ramanou ló ń ṣọ́ kòtò yìí. Kànga tí gbogbo wa ń pọn kò jìnnà sí i, ní ìsàlẹ̀ oko.

Lọ́dún 1986, gbígbẹ kòtò náà wá pọ̀ jù. Òjò rọ̀, ilẹ̀ rin, síbẹ̀ aláǹtakùn takùn sẹ́nu páìpù. Inú Hyacinthe, ọ̀gá ibẹ̀, dùn. Ọkọ mi kò lè jẹun. Ó ní páìpù tó wà nínú ilẹ̀ tútù tí kò tilẹ̀ làágùn, ó ti kú ni. Mo ní kó jẹ́ ká ṣe fìdáù fún un.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń mú òkété ló dá sí i. Ó kó ewé tútù àti ata gbígbẹ sẹ́nu páìpù, ó dáná sí i, ó ń fẹ́ èéfín wọlé, ó sì ní kí n dúró lóko máa wo ibi tí yóò ti yọ. Inú ebè iṣu Boukari, ẹni tó ni oko náà, ló ti yọ, bí ẹni pé iṣu ń mu tábà. Ebè yẹn gan-an ni ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ti yòókù ń pọ́n, tí Boukari fi ń yangàn pé ọwọ́ òun ló dára.

Nígbà tí a bi í, ó wolẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ọkọ́ mi ló bà á. Àwọn ilé iṣẹ́ ní ẹni tó bá fọwọ́ kan nǹkan àwọn, àwọn á gba oko rẹ̀. Mo bá kọ ebè lé e.”

Inú bí mi sí i. Ṣùgbọ́n ta ló ṣàlàyé fún un rí pé kí ni páìpù yẹn wà fún? Wọ́n mọ ọ̀nà Koko wá halẹ̀, wọn ò mọ̀ ọ́n wá làdí ọ̀rọ̀.

Ramanou hú ebè náà, ó gé ibi tó fọ́ kúrò, ó fi tuntun sí i. Ilẹ̀ mọ́, omi ń kán sínú kòtò, tó, tó. Àṣé rọ́bà ti ya tipẹ́, oko àti ọ̀nà kànga ni omi ń gbà lọ. Ó sáré lọ sọ fún Hyacinthe.

Hyacinthe ní, “Kámáráàdì, kí o tó fọwọ́ kàn án, ó gbẹ. Ìwọ lo mú omi wá. Fi sìmẹ́ǹtì dí i.”

Ẹ gbọ́ ná. Bí ọmọ bá ń ké pé inú ń run òun, ṣé ẹnu rẹ̀ la máa ń dí? Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ yìí, bídọ́ọ̀nù tó ń rọ omi Savalou sí kì í kúrò lẹ́yìn mọ́tò rẹ̀. Ramanou ní òun kò ní dí i. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó wá wọ mọ́tò lọ fi ẹjọ́ sun ìjọba ní Savalou, wọ́n ní kó jókòó, wọ́n tún ní kó padà wá. Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn obìnrin wa náà ń sọ ohun tí Hyacinthe sọ, pé kòtò gbẹ kí ọkọ mi tó débẹ̀. Wọ́n sì ń pọn omi lọ.

Mo bá lọ bá Ìyá Tidjani, nítorí baba ọkọ rẹ̀ ló gbẹ́ kànga náà. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní kí n wá àkísà kan wá. Àkísà wo ni mo tún ń wá kiri? Ramanou ṣì wà ní Savalou pẹ̀lú ṣòkòtò àtàtà rẹ̀. Mo sáré mú kákí náà wá, màmá sì so ó mọ́ igi ẹnu kànga, ó ní ẹni tó bá tú u, kí ayé rẹ̀ rí bí àkísà yẹn. Ààlè dé nìyẹn. Kò sí ẹni tó tún ki korobá bọ ibẹ̀.

Ẹ má gbàgbé pé kànga yìí kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń mu. Kí oòrùn tó kàn wá lórí, òùngbẹ ti lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Hyacinthe dé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní kí awakọ̀ òun tú àkísà náà. Awakọ̀ kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Hyacinthe fúnra rẹ̀ nawọ́ sí i, ó fa ọwọ́ padà. Ọmọ Savalou ṣáà ni, kì í ṣe àlejò sí ààlè.

Mo kúnlẹ̀ dáadáa, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ ṣáà ní kò sí nǹkan nínú omi. Ẹ tú u, ẹ pọn ọ́n, ẹ kọ́kọ́ mu.”

Ó wọ mọ́tò rẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀, wọn ò padà, àfi ìgbà tí wọ́n fa adágún náà gbẹ, tí wọ́n rí ibi tí rọ́bà ti ya bí ẹnu ọ̀bọ. Ta ni wọ́n tún ránṣẹ́ pè láti wá yẹ páìpù wò? Ramanou lọ. Kò sí ẹni tó ní kó má bínú, títí di òní. Èmi ṣì ń bínú nítorí rẹ̀.

Òkè odò la ti ń pọn omi báyìí. Ọkọ mi kò yéé béèrè ṣòkòtò rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ní ó wà lẹ́nu kànga, kó lọ tú u.