Orí Funfun Tó Wà Nínú Lọ́ọ̀jì

Ohun tí àdúgbò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé Télọ̀ di oníbúrẹ́dì lójú, ó sì fà á wọ iyàrá òkùnkùn kan ní lọ́ọ̀jì, ilé ìpàdé àwọn Fírímásọ́nì, níbi tí oníbúrẹ́dì ti kúnlẹ̀ fún orí arúgbó kan tí irun rẹ̀ funfun bí òwú, tí kò lọ́rùn, tí kò léjìká. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé òpópónà kejì, orí ti ń sọ̀rọ̀. Kó tó dé ìsọ̀ onígbàjámọ̀, orí ti ń béèrè búrẹ́dì.

Irọ́ pátápátá kọ́ o. Iyàrá wà, ó sì ṣókùnkùn. Oníbúrẹ́dì kúnlẹ̀ lóòótọ́. Irun funfun náà wà níbẹ̀. Àmọ́ orí mọ́ọ̀pù ni, iyàrá náà sì ni wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ àti báàkẹ́ẹ̀tì sí.

Àwọn ìyá àgbà ní wọ́n ń pa ènìyàn ní lọ́ọ̀jì àwọn Fírímásọ́nì yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá kú níbẹ̀, àkọ́sórí ló pa á. Gbogbo ọ̀rọ̀ ètò wọn ni wọ́n ń kọ́ sórí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ìwé dání. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì láṣẹ láti rán ẹni tó bá gbàgbé létí: tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń pè ní Bírò Pupa. Ọkùnrin náà ti ṣàtúnṣe sí káàdì ìgbéyàwó ara rẹ̀ rí, ó sì fún un ní márùn-ún nínú mẹ́wàá.

Télọ̀ ni atọ́nà. Òun ló ń di ọwọ́ ẹni tuntun tí wọ́n fi aṣọ bò lójú mú, tí yóò mú un yí gbọ̀ngàn ká, tí yóò sì dá a dúró síwájú ọ̀gá lọ́ọ̀jì. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi retí ipò náà. Ó ń kọ́ ọ̀rọ̀ náà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ títí ó fi rán ẹsẹ̀ méjèèjì ṣòkòtò lọ́yà kan pọ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé tí wọ́n gba oníbúrẹ́dì wọlé, bí Télọ̀ ṣe dé igun gbọ̀ngàn báyìí, ọ̀rọ̀ fò lọ lórí rẹ̀. Bírò Pupa nìkan ló yẹ kó yanu. Àgbà méje ló yanu pọ̀.

"Yà sọ́tùn-ún!"

"Òsì ni, jàre!"

"Tún un bẹ̀rẹ̀!"

Òógùn bo Télọ̀ lójú. Ó rí ilẹ̀kùn kan, ó ṣí i, òun àti oníbúrẹ́dì wọlé, ilẹ̀kùn sì há. Inú òkùnkùn yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà wá padà sí i lórí. Ojú tì í láti kígbe, ló bá ń bá ètò lọ. "Kúnlẹ̀!" Oníbúrẹ́dì kúnlẹ̀. Aṣọ ojú rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀, ó rí irun funfun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí búra tọkàntọkàn. Ìgbà tí wọ́n fi máa já ilẹ̀kùn, ó ti búra fún mọ́ọ̀pù dé ìdajì.

Wọ́n tún gbogbo ẹ̀ ṣe fún oníbúrẹ́dì. Nígbà tí wọ́n jókòó jẹun, Bírò Pupa dìde pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. "Àṣìṣe mẹ́rìndínlógún. Èkínní, ohùn. Èkejì, ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta, iyàrá ìgbálẹ̀." Ẹ̀rín sọ, ọbẹ̀ dànù. "Mo dábàá pé ká wá atọ́nà mìíràn."

Ọ̀gá lọ́ọ̀jì, tó jẹ́ dókítà eyín, tí kì í fẹ́ kí nǹkan dun ẹnikẹ́ni, ní: "Ẹ jẹ́ kó tún un ṣe lóṣù tó ń bọ̀. Bó bá lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ Tíṣà, ipò rẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá lọ, a óò fún ẹlòmíràn."

Télọ̀ délé, ó ju épírọ́ọ̀nù funfun tí wọ́n máa ń wọ̀ ní lọ́ọ̀jì sínú àpò àkísà. "Èmi! Kí n lọ jókòó síwájú Bírò Pupa bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi? Ó parí!"

Ìyàwó rẹ̀ ń lọ aṣọ lọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọkọ mi. Nọ́ọ̀sì tó ní apá bùláòsì òun fún lánàá, ṣé ẹ lé e jáde ni?"

"Rárá. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n."

"Ṣé ó fún lóòótọ́?"

"…Ó fún."

"Ṣé ẹ wá ju ẹ̀rọ ìránṣọ sínú àpò àkísà?"

"Ìyẹn yàtọ̀! Níwájú gbogbo ayé lọkùnrin yẹn ti bú mi!"

"Ẹ sọ ìyẹn fún un. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó wọ̀n yín."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Télọ̀ kan ilẹ̀kùn tíṣà. "Ẹ kú ilé, sà. Àṣìṣe tẹ́ ẹ kà yẹn, òótọ́ ni. Àmọ́ ìdí oúnjẹ kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ ti kà á."

Bírò Pupa húkọ́ títí. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ orúkọ ara rẹ̀, ó sì kọ ẹ̀ṣẹ̀ náà sábẹ́ rẹ̀, pupa fòò. "O jàre. Wọlé."

"Àwọn méje tó ń pariwo ńkọ́, sà?"

"Mo ti máàkì wọn. Kò sẹ́ni tó yege."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ìsọ̀ Télọ̀. Wọ́n fi aṣọ di ère onígi tó ń gbé kóòtù kọ́ lójú, wọ́n ń tì í yí tábìlì ká. Ni àdúgbò bá tún gbọ́ pé Télọ̀ ti ń mú igi wọ ẹgbẹ́, nítorí ènìyàn ti tán.

Ọjọ́ pé. Télọ̀ sáré yọ épírọ́ọ̀nù rẹ̀ kúrò nínú àpò àkísà, ó so ó mọ́dìí. Púlọ́mbà kan ni ẹni tuntun. Oníbúrẹ́dì, tó ti di ọmọ ẹgbẹ́, lọ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn iyàrá ìgbálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Télọ̀ dé igun yẹn, ọ̀rọ̀ tún fò lọ. Àgbà méje yanu. Bírò Pupa nawọ́ sókè, gbogbo ẹnu padé. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan péré, jẹ́jẹ́. Télọ̀ gbà á, ó sì bá ètò lọ dé òpin.

Lẹ́yìn ètò, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ wá, Bírò Pupa fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun àti dókítà eyín nìkan.

"Àṣìṣe méje," ni tíṣà wí.

"Ipò rẹ ṣì ni," ni dókítà sọ kíákíá.

Télọ̀ wo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó mi orí. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ fún mi ní bírò yẹn. Mẹ́jọ ni." Ó na épírọ́ọ̀nù tó wà nídìí rẹ̀ síwájú kí wọ́n lè rí ojú rírán rẹ̀. "Látàárọ̀, èmi télọ̀, òdì ni mo wọ eléyìí."