Ẹ̀rín Ẹ̀gbọ́n Mi Lórí Pèpéle

Èmi ni mo kéde pé ẹ̀gbọ́n mi ti wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sẹ́ni tó rán mi. Orí báńkónì wa ní Jakande Estate, Ìsọlọ̀, ni mo dúró sí, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ṣì wà lọ́wọ́ mi, ohùn mi sì dé búlọ́ọ̀kù kẹta.

Ìsọlọ̀ níbí ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yìí sí. Ó lọ kàwé nílùú òyìnbó, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀, nígbà tó yá ó di ọmọ onílùú, ó ní òun fẹ́ ṣe òṣèlú. Inú ìyá wa dùn dẹ́yìn, àfi ìgbà tó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi á wọ bàtà òjò, á máa rìn láti ojúlé dé ojúlé, á máa kan ilẹ̀kùn, á máa pín ìwé. Ajá lé e lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó di káńsẹ́lọ̀, gbogbo Sátidé ló ń jókòó sí yàrá kan nínú ilé ìkàwé, tí àwọn aráàdúgbò ń wá fẹjọ́ ilé tó ń jò àti pàǹtírí tí wọn ò kó sùn ún.

"Àwọn bọ́ìsì ẹ dà?" ìyá wa bi í lórí fóònù.

"Màámi, kò sí bọ́ìsì níbí."

"Mọ́tò tí wọ́n fún ẹ ńkọ́?"

"Bọ́ọ̀sì ni mò ń wọ̀, màámi."

Ìyá wa gbé fóònù sílẹ̀, ó wò mí. "Wọ́n ń rẹ́ ọmọ mi jẹ," ó ní.

Ìdí nìyẹn tí ìdìbò ilé aṣòfin yìí fi gbà á lọ́kàn. Ó dá a lójú pé bí ọmọ òun bá ti gòkè débẹ̀, ìyà tán. Ó ń gbààwẹ̀ ní Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bó bá wọlé, òun á pa àgbò, òun á fi ṣe sàárà fún gbogbo búlọ́ọ̀kù. Kí wọ́n tó dìbò rárá ló ti ra àgbò náà, ó so ó mọ́ abẹ́ àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ló wà tó ti jẹ síkáàfù Ìyá Ìbejì, aládùúgbò wa, tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kéde yẹn, ẹnì kan fi fídíò kékeré kan ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Sípíkà fóònù mi ti bàjẹ́, ojú ni mo fi gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn olùdíje mẹ́fà tò sórí pèpéle. Ẹ̀gbọ́n mi bọ ọkùnrin gíga kan lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ ló yọ. Ó wá lọ sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ka ìbò, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó tán.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ kí n rò? Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò rí ẹni tó fìdí rẹmi tó bá ẹni tó borí rẹ̀ dúró lórí pèpéle kan náà. Kọ́ọ̀tù ni wọ́n ti máa ń pàdé. Ta ló sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá tí inú rẹ̀ ò bá dùn?

Bí ìyá wa ṣe gbọ́ igbe mi, kò dúró wo fídíò kankan, ó forí balẹ̀ lórí ẹní ìkírun. Ọnọ́rébù, aládùúgbò wa nísàlẹ̀, ló gòkè wá yẹ fídíò náà wò. Ọkùnrin yìí dupò káńsẹ́lọ̀ nígbà kan, kò wọlé, kò sì tíì gbà títí di òní, ni gbogbo wa ṣe ń pè é ní Ọnọ́rébù kí àlàáfíà lè jọba. Ó wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ó ti wọlé, àbúrò," ó ní. "Èmi yìí, kí n bọ ẹni tó gba ìbò mi lọ́wọ́? Láéláé! Wo eyín ẹ̀."

Bí àgbò ṣe lọ nìyẹn. Kó tó di ọ̀sán, ẹran ti ń hó nísàlẹ̀, ìrẹsì ti jinná, bàbá kan sì ti kọ lẹ́tà pé kí ẹ̀gbọ́n mi bá wa dá ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà wa sílẹ̀ nílé aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbà yẹn ni fóònù mi dún.

"Ṣé ẹ ti gbọ́?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"A ti gbọ́, Àǹtí! Màámi ti pa àgbò!"

"Àgbò kí ni? Mi ò wọlé."

"Ọkùnrin tí ẹ bọ̀ lọ́wọ́ yẹn ńkọ́?"

"Òun ló wọlé."

"Kí lẹ wá ń rẹ́rìn-ín sí?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Má tíì sọ fún màámi. Èmi ni mo fẹ́ sọ ọ́, mi ò kàn tíì lè sọ ọ́ ni."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ojú tì mí débi pé mo ronú pé kí n sá lọ sí ibùdókọ̀ Bọ́ládé títí wọ́n á fi jẹun tán. Ṣùgbọ́n ìyá wa wọlé wá mú iyọ̀, ó rí ojú mi, mi ò sì lè purọ́ fún un. Mo jẹ́wọ́.

Mo rò pé á fọ́ mi létí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n fi fídíò náà han òun, ó sì wò ó lẹ́ẹ̀kan péré.

"Ìwọ àti Ọnọ́rébù, ẹ ò mọ nǹkan kan," ó ní. "Ẹ̀rín tó rín sí mi ní éépọ́ọ̀tù nìyí, lọ́jọ́ tó ń lọ, kí n má bàa sunkún. Ó rò pé mo ti yíjú. Mo rí i bó ṣe bú sẹ́kún lẹ́yìn gíláàsì."

Ó mú iyọ̀ rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, mo tẹ̀ lé e. "Ọmọ mi ò wọlé o!" ó sọ ọ́ sókè. "Ẹ má dáwọ́ dúró, sàárà ni, ẹ bù ú."

Ẹran dúró sẹ́nu Ọnọ́rébù. "Alhaja, ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀tù nìyí! Ẹ jẹ́ kí n fún un ní nọ́ńbà lọ́yà mi."

"Ọnọ́rébù, ẹ jẹun," ìyá wa dá a lóhùn.

Ó tún gòkè, ó gba fóònù mi, ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé e, mo gbọ́ tó ń fi ohùn ìdùnnú kí i, ẹ kú ọ̀sán o, màámi, ṣé ara yín le.

"Má rẹ́rìn-ín fún èmi," ìyá wa sọ. "Èmi ni mo bí ẹ."

Pẹ̀lú bí sípíkà mi ṣe bàjẹ́ tó, mo gbọ́ ẹkún ẹ̀gbọ́n mi ketekete.