Ìyẹ̀fun Tó Ń Tàn Nínú Ìgò Méjì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ọwọ́ ara mi fà. Yàtọ̀ sí ìyàwó mi, mi ò tíì sọ ọ́ délẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà náà, àwọn ṣọ́jà ló ń ṣèjọba, Adó sì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Èmi ni mò ń tọ́jú láàbù ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbẹ̀. Òótọ́ ni pé mi ò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n ta ló tó mi í fọ gíláàsì? Ìgò tí mo bá fọ̀, ẹ lè fi ṣe dígí! Ìyẹn nìkan kọ́ o. Kò sí ẹni tó mọ okùn lọ́ tó bàbá mi ní gbogbo àdúgbò wa ní Òkè-Ìlá, èmi sì mọ̀ ọ́n lọ́ ju bàbá mi lọ. Igbà tí mo bá lọ́, kò já mọ́ ẹlẹ́mu kankan lára rí.

Tíṣà kẹ́mísìrì kan dé, ọmọ Ìgèdè, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun bọ̀. Ó kó ìgò kékeré méjì wá. Ìyẹ̀fun yẹ́lò ló wà nínú méjèèjì, kò sì ju ṣíbí kọ̀ọ̀kan lọ.

Lọ́jọ́ kan, lọ́sàn-án gangan, ó tilẹ̀kùn, ó fi aṣọ dúdú bo wíńdò, ó wá tan lámpù kan tí iná rẹ̀ dà bí àwọ̀ àlùkò sí wọn. Yéè! Ìyẹ̀fun náà bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ní búlúù, kò gbóná, kò sì rú èéfín. Irun orí mi dìde. Iná wo ni kì í jó nǹkan?

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyẹ̀fun náà jẹ́ àkójọ nǹkan tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, gbogbo wọn ló sì lọ́ bí okùn. Ti ìgò kan lọ́ sọ́tùn-ún, ti ìkejì lọ́ sósì. Ó ní ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára wọn náà ń yí, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ìkejì sósì, àmọ́ ojú lásán ò lè dá a mọ̀. Ó so òwú funfun mọ́ ọrùn ìgò ti ọ̀tún, ó so òwú dúdú mọ́ ti òsì.

Mo ní ṣé èyí náà ló rìn lọ sókè òkun fún? Mo mú fọ́nrán ọ̀gbọ̀, mo lọ́ okùn ọ̀tún àti okùn òsì fún un lójú ẹsẹ̀.

Ó pariwo pé, “Bàbá Túndé, ẹ̀yin gan-an ni tíṣà!”

Orí mi wú!

Ọdún mẹ́ta ló fi ya ti ọ̀tún kúrò lára ti òsì. Wọ́n fẹ́ wò ó ní yunifásítì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bí ìmọ́lẹ̀ méjèèjì bá yí bó ṣe wí, wọ́n á gbà á síṣẹ́. Ìyá rẹ̀, tó ń ta ẹ̀wà ní Ọjà Ọba, ti ń dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú.

Lọ́jọ́ Fúráìdè, prínsípà ní kí n palẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù mọ́. Ẹ wo ohun tí mo ṣe. Nílé wa, bí epo bá kù díẹ̀ nínú ìgò méjì, ìyàwó mi á dà wọ́n pọ̀, á sì fọ ìgò kan pamọ́. Ta ló ń fi ìgò rere ṣòfò? Mo wo ìyẹ̀fun méjèèjì: yẹ́lò ni yẹ́lò ń jẹ́. Mo da ti olówùú dúdú sínú ti funfun, mo fọ ìgò òfìfo, ó ń dán gbinrin. Mo tan lámpù sí i. Ó tàn bíi ti tẹ́lẹ̀! Mo yangàn délé, mo ròyìn ẹ̀.

Ìyàwó mi gbé ọmọ odó sílẹ̀. “Bàbá Túndé, ta ló rán yín? Bó bá jẹ́ nǹkan kan náà ni, kí ló fi yà wọ́n sọ́tọ̀?”

Mo ní kí ló mọ̀ nípa láàbù. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ iyán ọjọ́ yẹn tán.

Ní Sátidé, mo jókòó síwájú ilé, mò ń lọ́ okùn kí ọkàn mi lè balẹ̀. Mi ò mọ ohun tó sún mi. Mo mú fọ́nrán kan tó lọ́ sọ́tùn-ún, mo mú èyí tó lọ́ sósì, mo lọ́ wọn mọ́ra. Mo jọ̀wọ́ ẹ̀. Wọ́n tú, wọ́n sùn sílẹ̀ bí ìdọ̀tí. Ìgbà yẹn ni mo rántí ìgò méjèèjì. Èmi tí mo mọ okùn jù lágbàáyé!

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Tíṣà wọ kóòtù, ó so táì. Èmi àti òun nìkan la ní kọ́kọ́rọ́. Mo ti múra láti sọ pé eku ló ti ìgò ṣubú.

Ó ní, “Bàbá Túndé, ìgò olówùú dúdú dà?”

Ẹnu mi ò gbé irọ́ náà. Mo yọ fọ́nrán méjì lápò, mo lọ́ ọ̀tún mọ́ òsì, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó ń wò ó bó ṣe ń tú, títí kò fi sí okùn mọ́.

Kò bú mi. Ó tan lámpù sí ìgò tó kù, búlúù náà sì mọ́lẹ̀ sí i lójú.

Ó ní, “Ó ṣì ń tàn. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ò yí mọ́. Ọ̀kan ti pa èkejì.”

Ó jáde, kò mú ìgò náà dání. Kò dé yunifásítì, kò sì délé ìyá rẹ̀ mọ́. Ìbá kúkú gbá mi létí!

Ìgò náà ṣì wà ní kọ́bọ́ọ̀dù títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mi ò tan lámpù yẹn sí i mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè yẹra fún Ọjà Ọba. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá, ìyá yẹn á fi kóńgò ẹ̀wà rẹ̀ sílẹ̀, á ní, “Bàbá Túndé, ẹ̀yin lẹ rí i kẹ́yìn. Kí ló sọ fún yín?” Mo máa ń ní kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọṣẹ́ bíi tèmi, bí ẹ bá rí i tí ẹnì kan ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, ẹ bi í kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Kí lẹ̀yin náà ti dà pọ̀ rí tí ẹ ò lè yà mọ́? Ẹ dákun, ẹ sọ fún mi, kó má jẹ́ èmi nìkan.