Ẹja Tó Gbé Ládàánì Mì

Lọ́dún 1984, gbogbo Ìwó ló gbọ́ pé ẹja gbé Gàníyù mì, pé inú ẹja náà ló ti pe ìrun àsùbáà. Kí ìròyìn náà tó dé Olúpọ̀nnà, ẹja ọ̀hún ti ga ju mọ́ṣáláṣí lọ, wọ́n sì ti tẹ́ ẹní sí i níkùn.

Ìpè ìrun yẹn kì í ṣe irọ́. Ẹ fetí sí ìyókù.

Gàníyù ni ládàánì àdúgbò wa. Ìfẹ́ ẹja àrọ̀ ló sọ ọ́ di ológbò. Àmọ́ láti ọjọ́ tí Rájí, ará àdúgbò wa kan, ti ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló ti ń wá ipò ládàánì, lémọ́mù sì ti kìlọ̀: "Gàníyù, ọjọ́ tóo bá pa àsùbáà jẹ, Rájí ló ni ín."

Síbẹ̀, Gàníyù yá ọkọ̀ ojú omi lálẹ́, ó wà á lọ síbi àpáta àárín omi tí ìjọba sé, níbi tí ẹja ń sá pamọ́ sí. Ó so ọkọ̀ mọ́ igi wẹ́wẹ́ kan lórí àpáta. Igi fà tu, ọkọ̀ bá tirẹ̀ lọ, ti fìtílà ti ìwọ̀. Gàníyù ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Àpáta náà kéré débi pé bó bá sín, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kan omi. Ó ké títí, ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ló ń dá a lóhùn. Gbogbo ohun tó ń rò ni Rájí, tó ti ń gbé ẹnu sún mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀.

Nígbà tí ojú ọ̀run là, ó ti ìka bọ etí, ó pe ìrun. Àwọn àgbẹ̀ Kuta tó ń lọ sóko yà wá sétí omi. Inú Gàníyù dùn: olùgbàlà dé. Wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n tò ní sáàfù mẹ́ta, wọ́n kírun.

Ó dúró kí wọ́n sálámà tán, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbé mi."

Kùrukùru ò jẹ́ kí wọ́n rí i. Bàbá Mùrí, àgbà wọn, ní, "Ẹ má dá a lóhùn. Ẹja ló ń sọ̀rọ̀ yẹn." Ni wọ́n bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Oòrùn ti mú gan-an kí apẹja kan tó lọ gbé e. Ìròyìn ẹja tó ń pe ìrun ti ṣáájú rẹ̀ dé àdúgbò, mọ́ṣáláṣí sì kún bámúbámú nígbà tó wọlé.

"Lémọ́mù," Rájí ní, "ó pa àsùbáà jẹ. Èmi ni mo fi ẹ̀rọ pè é."

Lémọ́mù wo Gàníyù tàánú-tàánú. "Bó bá jẹ́ ẹja ló gbé ọ mì bíi ti Ànábì Yúnúsà, ipò rẹ ṣì wà fún ọ. Àbí kò gbé ọ mì?"

Gàníyù kúnlẹ̀.

"Lémọ́mù, kò sí ẹja tó gbé mi mì. Èmi ni mo lọ wá ẹja, mi ò sì rí ìrù rẹ̀. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní mo pa àsùbáà jẹ. Mo pè é lásìkò. Sáàfù mẹ́ta ará Kuta ló kírun sí ìpè mi, láìsí ẹ̀rọ. Rájí ńkọ́? Ẹ bi í, èèyàn mélòó ni ẹ̀rọ rẹ̀ jí?"